Oríkì Àwọn Àgbà Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Láti ìgbà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti wọ ilẹ̀ Yorùbá, tí ó gbé Bíbélì lọ́wọ́ kan tí ó sì gbé ìwé òfin lọ́wọ́ kejì, ni àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ó gùn tí ó sì ta kókó ti ń dẹ́rù ba tọmọdé tàgbà wa. Ẹni tí ó bá lè dà wọ́n sílẹ̀ wìtìwìtì nínú ìpàdé, àtẹ́wọ́ ni àwọn ènìyàn yóò máa pa fún un, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó wí. Ẹni tí wọ́n bá sì kà wọ́n sí létí ní ilé ẹjọ́, òógùn yóò ti bo ojú rẹ̀ kí ògbufọ̀ tó sọ fún un bóyá àre ni tirẹ̀ tàbí ẹ̀bi. Àwọn ará Ìbàdàn kò tíì gbàgbé Adégòkè Adélabú, àgbà òṣèlú tí ọlọ́jọ́ dé bá ní ọdún 1958, ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kíki kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó pe ọ̀ràn kan ní peculiar mess, èyí tí í ṣe rúdurùdu tí kò ní ẹlẹgbẹ́. Àwọn mẹ̀kúnnù tí ń gbọ́ ọ mú ọ̀rọ̀ náà bí etí wọn ti gbà á, wọ́n sọ ọ́ di pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, títí di òní olónìí ni wọ́n sì fi ń rántí Adélabú.

Èmi kò bá ẹnikẹ́ni tí ń pàtẹ́wọ́ jà, nítorí pé ọ̀rọ̀ a máa dùn létí kí a tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìbẹ̀rù náà ni mo fẹ́ bá wí. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá sì wo ilé tí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ agbéraga wọ̀nyí ti jáde wá, a ó rí i pé kì í ṣe ààfin: ilé àgbẹ̀ ni, ilé ìdáná ni, ilé ẹṣin ni, àti ọjà tí wọ́n ti ń ta ọ̀ṣọ́ olówó pọ́ọ́kú. Ọ̀rọ̀ ní oríkì gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ní in, ẹni tí ó bá sì mọ oríkì ọ̀rọ̀ kan dé orírun, ọ̀rọ̀ náà kò tún lè fi aṣọ ńlá dẹ́rù bà á mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Lord ni orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àwọn ìjòyè wọn, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe Ọlọ́run tí ó dá ọ̀run òun ayé, agbára káká ni a ó fi rí orúkọ tí ó tún wúwo jù ú lọ lẹ́nu wọn. Bí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ sẹ́yìn ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún, a ó bá a níbi tí wọ́n ti ń pè é ní hlafweard: búrẹ́dì ni hlaf, olùṣọ́ sì ni weard. Olùṣọ́ búrẹ́dì ni Lord. Lady tí í ṣe aya rẹ̀, hlæfdige ni òun ń jẹ́ nígbà náà, ẹni tí ń po ìyẹ̀fun. Ìránṣẹ́ tí ń gbé lábẹ́ òrùlé wọn sì ń jẹ́ hlafæta, ajẹbúrẹ́dì. Ní ilẹ̀ tí òtútù kì í jẹ́ kí ohun ọ̀gbìn kan hù fún oṣù púpọ̀ nínú ọdún, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àká wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni baálé, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun ni ìyálé, ẹni tí ó bá sì jókòó tí ó ń retí kí wọ́n gé tòun fún òun ni ọmọ ọ̀dọ̀. Kò sí ìdí fún wa láti ṣe àlàyé èyí fún àwọn baba wa, àwọn tí wọ́n wí pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ahọ́n àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni ó gé hlafweard kúrú díẹ̀díẹ̀, tí búrẹ́dì fi ṣègbé sínú rẹ̀ tí ó wá ku ọlá nìkan. Ẹni tí ó sì ń ké pe Lord nínú àdúrà lónìí kò mọ̀ pé orúkọ náà ti fi ìgbà kan rí ń ta òórùn ààrò.

Ní ọdún 1066 ni William, olórí àwọn ará Normandy, sọdá òkun láti ilẹ̀ Faransé, ó ṣẹ́gun Ọba Harold lẹ́bàá Hastings ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ó pa á, ó sì gba adé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, fún ọ̀pọ̀ ìran, èdè Faransé ni ọba àti àwọn ìjòyè ń sọ, èdè Látìn ni àwọn àlùfáà fi ń kọ̀wé, Gẹ̀ẹ́sì sì di èdè ẹni tí ó ń ro oko àti ẹni tí ó ń pọn omi. Ó di ọdún 1362 kí òfin tó jáde pé kí a máa fi Gẹ̀ẹ́sì ro ẹjọ́ ní ilé ẹjọ́, nítorí pé àwọn tí a ń dá lẹ́jọ́ kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wọn. Àpá ogun náà kò tíì jiná lára èdè wọn títí di òní. Màlúù tí àgbẹ̀ ń dà nínú pápá, cow ni tàbí ox, ọ̀rọ̀ onílẹ̀. Nígbà tí ó bá di ẹran nínú àwo ìjòyè, ó di beef, ọ̀rọ̀ Faransé. Àgùntàn ń jẹ́ sheep lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣọ́ ọ, ó ń jẹ́ mutton lẹ́nu ẹni tí ń jẹ ẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ́ swine nínú ẹrẹ̀, ó ń jẹ́ pork lórí tábìlì. Walter Scott fi ọ̀rọ̀ yìí sí ẹnu apanilẹ́rìn-ín kan nínú ìwé ìtàn rẹ̀ Ivanhoe, ní ọdún 1819, láti ìgbà náà ni ó sì ti di mímọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní tèmi, n kò mọ ìwé ìtàn kankan tí ó sọ gbangba tó bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ṣiṣẹ́ àti ẹni tí ó jẹun.

Inú ẹrù àwọn Faransé wọ̀nyí náà ni curfew ti jáde. Ìran tiwa mọ̀ ọ́n dáadáa, a sì ti sọ ọ́ lórúkọ tí ó bá a mu, kónílé-ó-gbélé, àṣẹ tí ológun fi ń ti ìlú pa. Ṣùgbọ́n couvre-feu ni àwọn tí ó ni ín ń pè é, èyí ni pé, bo iná. Igi ni wọ́n fi ń kọ́ ilé nígbà náà, koríko ni wọ́n fi ń bo òrùlé, ilé sì fẹ̀gbẹ́ kan ilé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, agogo a dún pé kí olúkúlùkù fi eérú bo iná ààrò rẹ̀ kí ó tó lọ sùn, kí ìlú má baà jóná mọ́ wọn lórí. Ìkìlọ̀ tí ìyá arúgbó ń ṣe fún àwọn ìyàwó ilé ni ó di àṣẹ ìbọn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó dùn mí nínú àwọn ti ìgbà ogun yìí ni villain. Lónìí, ọ̀daràn ni, ìkà tí a ń rí nínú eré tí a sì ń gbàdúrà pé kí ọwọ́ bà á. Ẹ̀ṣẹ̀ kí ni ó ṣẹ̀? Villein ni wọ́n ń pe àgbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ tirẹ̀, tí a so mọ́ ilẹ̀ ìjòyè, tí kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Kò jalè, kò pànìyàn, ó kàn jẹ́ tálákà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ̀wé kọ kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, lọ́wọ́ wọn ni orúkọ rẹ̀ sì ti bàjẹ́, tí àgbẹ̀ di ará oko, tí ará oko di aláìmọ̀wàáhù, tí aláìmọ̀wàáhù sì di ọ̀daràn.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni í mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ọmọkùnrin ni cniht, ọmọkùnrin náà sì ni cnafa, nínú Gẹ̀ẹ́sì ìgbàanì. Cniht tẹ̀lé àwọn jagunjagun tí ń gun ẹṣin, ó bá wọn ru apata, ó di knight, ẹni tí ọba ń fi idà kan léjìká tí gbogbo ayé sì ń pè ní Sir. Cnafa dúró sí ilé ìdáná, ó di knave, oníjìbìtì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn méjì kan tí wọ́n jọ ti ilé ẹṣin jáde. Constable ni olórí ilé ẹṣin ọba, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn comes stabuli, ó sì di ìjòyè ńlá tí ń kó ọmọ ogun lẹ́yìn ní ilẹ̀ Faransé àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; marshal ni ìránṣẹ́ tí ń tọ́jú ẹṣin, nínú èdè àwọn baba ńlá àwọn ará Jámánì. Ẹ wo ibi tí àwọn méjèèjì wà lónìí: kọ́ńsítébù ni ó kéré jù nínú ọlọ́pàá Nàìjíríà, ṣùgbọ́n Field Marshal ni ó ga jù nínú ológun, Corps Marshal sì ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wa. Ẹni tí ó bá mọ ipò Olókùn-ẹṣin ní Ọ̀yọ́ kò ní fi ọ̀ràn yìí ṣe ẹ̀rín, nítorí pé ẹni tí ń di okùn ẹṣin Aláàfin mú ni àṣà ìgbà àtijọ́ kò gbà pé kí ó kù sẹ́yìn nígbà tí ọba bá wàjà.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ti sọnù lọ́nà, ọ̀kan wà tí ó yẹ kí ó ká àwa Yorùbá lára ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ èdè náà ní ilé ìwé a máa wí pé Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ọ̀wọ̀, nítorí pé you ni fún ọba, you ni fún ajá. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí. Thou ni ìwọ, ye ni ẹ̀yin, láti nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn sì ni wọ́n ti tẹ̀lé àṣà àwọn Faransé, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tí ó wà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe: ye àti you fún òbí, fún ọ̀gá, fún àjèjì tí aṣọ rẹ̀ mọ́, thou fún ọmọ, fún ìránṣẹ́, fún ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, àti fún ọ̀tá tí a bá fẹ́ fi wọ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1603, nígbà tí wọ́n ń dá Sir Walter Raleigh lẹ́jọ́ ọ̀tẹ̀ ní ìlú Winchester, Edward Coke, agbẹjọ́rò ọba, bínú sí i débi pé ó fi thou pè é lójú gbogbo àwùjọ, ó sì tún sọ ní gbangba pé thou ni òun ń fi pè é. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè mọ bí ojú ìjòyè náà yóò ti rí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú inú wo ọmọdé kan tí ó dìde ní ìgbìmọ̀ tí ó wí fún baálẹ̀ pé, ìwọ yìí.

Láìpẹ́ sí àkókò náà ni George Fox dá ìjọ àwọn tí a ń pè ní Quaker sílẹ̀. Ó kọ́ wọn pé ọmọ Ádámù kan kò ga ju èkejì lọ níwájú Ọlọ́run, nítorí náà kí wọ́n máa wí thou fún onídàájọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń wí i fún agbálẹ̀, kí wọ́n má sì ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n lù wọ́n nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, wọ́n jù wọ́n sí ẹ̀wọ̀n, wọn kò sì yí ohùn padà. Àwọn ará ìlú yòókù gba ọ̀nà kejì. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí a fi ìwọ bu òun kù, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ ṣi ìwọ lò fún ẹni tí ó lè bínú, nítorí náà wọ́n ń fi you kún you títí ó fi kárí aláṣọ àti alákìísà, tí thou sì kú ní ìgboro, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará oko kan ní Yorkshire àti Lancashire ṣì fi ìlànà tiwọn gbà á pamọ́. Ọ̀wọ̀ ni ó pọ̀ títí ó fi pa ìwọ jẹ; kì í ṣe pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní in. Ibi tí thou ti ríbi sá sí ni Bíbélì. William Tyndale, tí wọ́n yín lọ́rùn tí wọ́n sì sun nínú iná ní ọdún 1536, ni ó ti lò ó fún gbogbo ẹni kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ Ọlọ́run ìbáà jẹ́ Èṣù, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Hébérù àti Gíríìkì ṣe é; àwọn ọ̀mọ̀wé tí Ọba James kó jọ sì tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀ nínú Bíbélì ti ọdún 1611. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọmọ ọ̀dọ̀ ṣe wá di ọ̀rọ̀ mímọ́ létí wa, tí ẹlòmíràn fi ń mú un bọ inú lẹ́tà tí ó bá fẹ́ kọ sí ẹni ọ̀wọ̀.

Bíbélì kan náà yìí ti dẹ okùn sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹni tí ó gbójú lé Gẹ̀ẹ́sì òde òní. Wọ́n ka quick níbẹ̀, wọ́n rò pé ẹni tí ó yára ni, bẹ́ẹ̀ alààyè ni. Òun ló mú kí wọ́n máa pe irin olómi tí ń sá kiri ní quicksilver, fàdákà tí ó wà láàyè. Wọ́n ka prevent, wọ́n rò pé dídènà ni, bẹ́ẹ̀ ṣíṣáájú ni. Èyí tí ó burú jù ni let, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n dàpọ̀ mọ́ ara wọn nínú rẹ̀: ọ̀kan jẹ́ kí a gbà fún ènìyàn, èkejì sì jẹ́ kí a dá a dúró. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Tẹsalóníkà nípa ẹni tí ń dènà, let ni àwọn ti ọdún 1611 lò. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń ka Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní ọdún 1884 kò bá ìṣòro yìí pàdé rárá, nítorí pé alààyè ni alààyè ń jẹ́ níbẹ̀, òkú sì ni òkú. Ẹni tí ó bá sì ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lọ́wọ́, kí ó ṣí iwájú rẹ̀ wò, yóò rí let ti àtijọ́ yẹn níbi tí wọ́n ti ń bẹ àwọn orílẹ̀-èdè kí wọ́n má ṣe dí ọmọ wa lọ́nà.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí orúkọ ènìyàn ni wọ́n, tí aráyé sì ti gbàgbé olórúkọ. Dunce ni olódo, ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ní kíláàsì. Orúkọ ta ni? Ti John Duns ni, tí a bí ní Duns ní ilẹ̀ Scotland, ọ̀kan nínú àwọn tí orí wọn pé jù ní gbogbo Yúróòpù ní àkókò rẹ̀, ẹni tí ó kọ́ni ní Oxford àti ní Paris, tí ó sì kú ní ìlú Cologne ní ọdún 1308. Àròjinlẹ̀ rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀mọ̀wé Olóye Fínnífínní ní èdè Látìn. Ní igba ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tuntun dé, tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sì kọ̀ láti gbà á, tí wọ́n di ìlànà ọ̀gá wọn mú ṣinṣin. Àwọn alátùn-únṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní ọmọ Duns, títí Duns fi di dunce. Àìmọ̀kan wo ni ó tó èyí, kí a fi orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n bú òpè? Póòpù John Paul Kejì kà á mọ́ àwọn ẹni ìbùkún ní ọdún 1993, ṣùgbọ́n kò sí póòpù tí ó lè gba orúkọ padà lẹ́nu àwọn ọmọ ilé ìwé.

Ti Audrey mímọ́ náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọba ni, Æthelthryth ni orúkọ àbísọ rẹ̀, ó dá ilé àwọn tí ó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run sílẹ̀ ní Ely ní ọdún 673, kókó kan tí ó wú sí ọrùn ni ó sì pa á ní ọdún 679. Bede tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé obìnrin náà gba àìsàn yìí bí ìyà ìlẹ̀kẹ̀ tí òun ti fi ṣe fáàrí ní ìgbà èwe. Ní ọdọọdún, nígbà àjọ̀dún rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ọjà ńlá a máa kún ní Ely, okùn ṣẹ́dà tí a ń so mọ́ ọrùn sì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, Saint Audrey's lace. Nígbà tí ó yá, okùn náà ń di yẹpẹrẹ, ahọ́n sì ń gé orúkọ náà kúrú, títí ó fi di tawdry, èyí tí í ṣe ọ̀ṣọ́ tí ń dán tí kò níye lórí. Bedlam, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ariwo àti ìdàrúdàpọ̀, Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni, láti ara ilé ìtọ́jú àwọn wèrè kan ní London tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1247 ní orúkọ ìlú tí a gbé bí Jésù.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ọwọ́ kan náà ni gbogbo Gẹ̀ẹ́sì fi gba èdè wọn, kí ó gbọ́ ìtàn tí William Caxton sọ ní ọdún 1490. Caxton ni ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Westminster, ní ọdún 1476, ìdààmú rẹ̀ sì ni pé kò mọ irú Gẹ̀ẹ́sì tí òun yóò tẹ̀ tí yóò yé gbogbo ènìyàn. Ó ní àwọn oníṣòwò kan wà nínú ọkọ̀ lórí odò Thames, afẹ́fẹ́ kò fẹ́, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ wá oúnjẹ. Ọ̀kan nínú wọn bẹ obìnrin kan fún ẹyin, ó sì pè é ní egges bí wọ́n ti ń pè é ní àríwá. Obìnrin náà dáhùn pé òun kò gbọ́ Faransé. Inú bí oníṣòwò, nítorí pé òun náà kò gbọ́ Faransé. Àfìgbà tí ẹnìkejì rẹ̀ wí pé eyren ni àwọn ń fẹ́ kí ó tó yé e. Ọ̀rọ̀ onílẹ̀ ni eyren, ọ̀rọ̀ àwọn jagunjagun orí omi tí ó wá láti Denmark àti Norway ni egges. Ti àjèjì ni ó sì borí. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó bá ti lọ ra nǹkan ní Èkìtì yóò mọ ohun tí ojú oníṣòwò náà rí.

Àwọn tí ó kó ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ kí wọ́n má baà ṣègbé yẹ fún ìyìn tí ó ju èyí tí wọ́n rí gbà lọ. Henry Cockeram gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní ọdún 1623, àwọn ọ̀rọ̀ líle ni ó sì kó sínú rẹ̀. Nínú wọn ni apricity wà, ooru oòrùn ní ìgbà òtútù, ohun tí gbogbo ẹni tí ó bá ti yá oòrùn láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ mọ adùn rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ kú. Samuel Johnson fi nǹkan bí ọ̀rọ̀ 42,000 sí ìwé tirẹ̀ ní ọdún 1755. Ẹni tí ó jọ mí lójú jù ni James Murray, ọmọ aránṣọ láti abúlé Denholm ní Scotland, tí ó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 14. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè ní London ti dá ìmọ̀ràn ìwé atúmọ̀-èdè ńlá kan ní ọdún 1857, èyí tí yóò sọ ìgbésí ayé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìgbà ìbí rẹ̀. Ọdún 14 ṣáájú ìmọ̀ràn wọn ni Crowther tiwa ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, ní 1843. Ní 1879 ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé Murray lọ́wọ́, wọ́n sì rò pé yóò parí ní ọdún mẹ́wàá. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ ant. Inú ahéré onírin kan nínú ọgbà ilé rẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ìwé pélébé pélébé tí àwọn ènìyàn ń kọ ránṣẹ́ láti gbogbo ayé sì kún inú rẹ̀ bámúbámú, tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fi ri àpótí lẹ́tà mọ́lẹ̀ ní iwájú ilé rẹ̀ ní Oxford. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́ jù ni Dókítà William Minor, ará Amẹ́ríkà, oníṣègùn ogun tí orí rẹ̀ dàrú, tí ó pànìyàn ní London, tí wọ́n sì tì mọ́ Broadmoor, ilé àhámọ́ àwọn ọ̀daràn tí orí wọn dàrú. Inú àhámọ́ náà ni ó ti ń ka ìwé àtijọ́ tí ó sì ń ṣa ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Murray kú ní ọdún 1915, ìwé kò tíì parí. Ó di 1928. Pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra wọn, ọ̀rọ̀ kan bọ́ sọnù nínú ahéré náà, bondmaid, ẹrúbìnrin, ìwé rẹ̀ kò sì tún hàn síta àfìgbà tí wọ́n ti tẹ apá ti lẹ́tà B tán. Ọdún 1933 ni wọ́n tó rí àyè fún un nínú àfikún.

Kì í ṣe gbogbo òkú ọ̀rọ̀ ni ó kú tán. Eke ni àfikún, ekename ni orúkọ tí a fi kún orúkọ, àlàjẹ́. Nígbà tí wọ́n ń wí pé an ekename, n bọ́ kúrò lára an ó sì lẹ̀ mọ́ èkejì, ó di nickname títí láé. Ruth ni àánú, kò sí ẹni tí ń dárúkọ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ruthless, aláìláàánú, wà láàyè kára. Hap ni orí ire, ó kú, ó sì fi happy àti perhaps sílẹ̀ lọ́mọ. Àwọn mìíràn ni kò fi ọmọ sílẹ̀ rárá, ó sì dùn mí fún wọn. Nínú ewì obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ lọ sí òkè òkun, èyí tí wọ́n tọ́jú sínú ìwé kan ní ilé ìjọsìn ńlá ti Exeter láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún, uhtceare ni a rí, àníyàn tí í jí ni ní ìdájí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ta ni kò mọ̀ ọ́n?

Overmorrow náà lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀túnla ni, Myles Coverdale sì lò ó nínú Bíbélì rẹ̀ ti ọdún 1535, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé gbólóhùn gígùn ni Gẹ̀ẹ́sì ń sọ lónìí kí wọ́n tó lè dárúkọ ọjọ́ tí ọmọ Yorùbá ọdún mẹ́ta ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè. Ọ̀rọ̀ kì í kúrò nínú ìwé Murray bí ó bá ti wọ ibẹ̀. Àmì ọ̀bẹ kékeré ni wọ́n máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó bá ti kú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe fún un. Nígbà tí èdè náà wá dé ọ̀dọ̀ wa, a wá ọ̀túnla nínú rẹ̀, a kò rí i, a sì ṣẹ̀dá tiwa, next tomorrow, èyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti fi yíǹkì pupa fa igi lé lórí nínú ìwé àwọn ọmọ wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ará Oxford tí ìwé Murray wà lọ́wọ́ wọn gba ọ̀rọ̀ 29 wọlé sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti ẹnu àwọn ọmọ Nàìjíríà: danfo wà nínú wọn, okada wà nínú wọn, buka náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú tokunbo tí í ṣe orúkọ ọmọ tí a bí ní òkè òkun kí ó tó di orúkọ mọ́tò àlòkù. Next tomorrow wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì sí àmì ọ̀bẹ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.